Ihò Páìpù ní Yàrá Ìyá Rẹ

Sabon Gari,
Zaria.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Hassanat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ àti fún gbogbo ilé rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí Muhyideen máa mu ọmú dáadáa kó sì máa jẹ́ kí ìwọ náà rí oorun sùn, kí Umar ọkọ rẹ máa jáde ire kó máa wọlé ire. Ní tèmi, ara mi le. Mo ń jẹun, mo ń kírun, mo sì ń dá àwọn tó ń wá kí wa kú ará fẹ́ra kù lóhùn. N kò tíì sunkún. Àwọn èèyàn ní ìfaradà ni. Èmi kò mọ ohun tó jẹ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, nígbà tó jẹ́ pé a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Orí fóònù ni a ti parọ́ fún ọ. N kò fẹ́ sọ òótọ́ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Bí ohùn rẹ bá yí padà, n ó wá irọ́ mìíràn fi tù ọ́ nínú.

Òótọ́ náà nìyí. Ẹ̀rọ amúlétutù tí o rà fún ìyá rẹ, kò sùn nínú atẹ́gùn rẹ̀ rí títí ó fi kú. Ọjọ́ Àtàláátà tó kọjá yìí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ kejì tí awakọ̀ gbé e dé, Oyèládé, ọmọ àdúgbò Hayin Dogo tó máa ń tún fíríìjì ṣe fún wa, ti wá. Ó wọ yàrá ìyá rẹ, ó wo ògiri yíká, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa róbótó kan síbi tí páìpù yóò gbà jáde. Ibẹ̀ ni mo bá wọn. Mo bi í pé ta ló ní kó gbé e sí yàrá. Ìyá rẹ ní, “Hassanat ló ní kí wọ́n fi í sọ́dọ̀ mi.” Mo ní, “Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn àlejò mi ń jókòó sí?” Mo sọ fún Oyèládé pé pálọ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò wà, tàbí kó má wà níbì kankan. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní, “Bàbá, tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ pè mí.” Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó ní ká ṣì fi í sílẹ̀ ná.

Má rò pé ooru ló ń dà mí láàmú ní pálọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó bá wọlé gbójú sókè kí wọ́n rí i pé ọmọ mi ló rà á. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. O fi gègé ńlá kọ “Màámi” sára páálí rẹ̀. Mo wá orúkọ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, n kò rí i. Ohun tí mo torí rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun wà nínú páálí fún ìgbà ooru méjì nìyẹn. Mo tẹ́ aṣọ lé e ní igun pálọ̀, mo sì ń gbé ife tíì mi lé e.

O pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O ní kí n fún Màámi ní fóònù. Ìyá rẹ wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti ya etí kan lára páálí ẹ̀rọ náà, ó ń fi í fẹ́ ara. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì dání. Yàrá mi tutù bí Jọ́ọ̀sì.” Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ níbi tí mo dúró sí. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, ó ní, “Bàbá Hassanat, ẹ ṣeun. Ẹ ti sọ mí di ará Jọ́ọ̀sì láìwọ mọ́tò.” Ó sì ń fẹ́ ara rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bí Sarat àbúrò rẹ̀ bá ti Tudun Wada dé tó ń nu òógùn, ìyá rẹ yóò nawọ́ sí róbótó ara ògiri. Yóò ní, “Sún mọ́ ẹ̀rọ mi. Ó wà níbẹ̀ yẹn.” Sarat yóò ní, “Ẹ bá mi dín in kù díẹ̀, otútù ń mú mi.” Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbọ́ wọn láti pálọ̀. Mo rò pé ohun tí èèyàn bá ti lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀ kò dùn ún.

Físíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé irú ẹ̀rọ yìí kì í dá otútù sílẹ̀, ooru inú yàrá ló ń kó jáde síta. Mo mọ bí ooru ṣe ń rìn. Mo mọ̀ pé ògiri yàrá ìyá rẹ ni oòrùn ọ̀sán máa ń bà lé títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ìwọ náà gbọ́. Dókítà kò dárúkọ ooru. Èmi náà kò bi í.

Lẹ́yìn ìsìnkú lo pè pé o ń bọ̀ wá ṣe fídáù ogójì ọjọ́. O ní, “Bàbá mi, yàrá Màámi ni èmi àti ọmọ yóò sùn. Ibẹ̀ tiẹ̀ tutù.” Bí o ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo pe Oyèládé. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Mo fẹ́ kí o bá a lára ògiri, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ó dé ní Àtàláátà. Nígbà tó ń lu ògiri, ó ní, “Bàbá, àmì mi ṣì wà níbí.” N kò wò ó. Ó jẹ́ kí ihò náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìta, kí omi má baà ṣàn padà wọ yàrá. Ó gbé apá ẹ̀rọ náà tó ń gbé ìta kọ́ sórí irin lẹ́yìn ilé. Ó rọra ń tú páìpù kọ́pà náà, torí ó ní bó bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó la ẹnu páìpù náà bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo, ó fi sípánà kan dì í mú, ó fi ìkejì yí i le. Lẹ́yìn náà ló so pọ́ǹpù mọ́ ọn láti fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Ó ní a ní láti dúró, pé afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ni yóò ba ẹ̀rọ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Nígbà tí a ń dúró, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́, mo fi omi pò ó, mo mú àkísà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa ara ẹ̀rọ tó wà níta. Oyèládé wò mí títí. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ ń ṣe?” Mo ní ó ti tuntun jù. Ó ní, “Tuntun náà ni.” Mo sọ fún un pé Hassanat kò mọ̀. Ó ní, “Wallahi, Bàbá, eruku Zaria kò nílò olùrànlọ́wọ́. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.” Sarat tó ń gbálẹ̀ dá sí i. Ó ní, “Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Èmi kò ní sọ. Ẹni tí ì bá sọ ti lọ.” Inú rere ló fi sọ ọ́.

A padà wọ yàrá. Oyèládé fún mi ní ike róbótó tí wọ́n fi ń bo ẹnu ihò, ó ní kí n bá òun dì í mú kí òun wá nǹkan tí òun yóò fi dí àlàfo. Mo sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ibẹ̀. Àmì tó yí ihò náà ká kì í ṣe funfun. Dúdú ni. Mo fi ìka kàn án, ìka mi dúdú. Tìróò ni. Sarat wá wò ó. Ó ní, “Ṣọ́ọ̀kì náà ń parẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń lé tìróò, á tún fa ibẹ̀. Ó ní kí Oyèládé má baà wá a tì tó bá dé.”

N kò sunkún níbẹ̀ náà. Mo kàn dúró pẹ̀lú ike náà lọ́wọ́. Nínú gbogbo ẹ̀rín tí mo ń gbọ́ láti pálọ̀, ìyá rẹ ń retí Oyèládé.

Mo ní kí Oyèládé dí ihò náà, ṣùgbọ́n kó má fi ike bò ó. Ó tú gáàsì sínú páìpù, ó fi ìfóófòó ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀, kò hó, ìyẹn ni pé kò jò. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó ń fẹ́ tútù. Ó ní kí n jókòó kí n gbádùn. Mo dúró títí ọwọ́ mi fi tutù, mo ní kó pa á. Mo jáde, mo fọ iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí báyìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni kí o má bínú sí ìyá rẹ nítorí irọ́ tó pa. Àṣírí mi ló ń bò. Bí o bá dé tí o kò fẹ́ rí mi nítòsí, n ó jókòó síta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Bí o bá ní o kò wá mọ́, n ó gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ Sarat. Ẹnikẹ́ni kò tíì tún tan ẹ̀rọ náà. Ìwọ ni kí o tàn án, tàbí kí o ní kí a tú u.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ìyá rẹ. Kó dá Muhyideen sí fún ọ, kó má jẹ́ kí òun ní irú ọkàn tèmi. Kó ṣọ́ ọ ní ọ̀nà, bí o bá ń bọ̀.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Sànní.

Àfikún: Bí o bá ń bọ̀, mú bùláńkẹ́ẹ̀tì dání fún ọmọ. Yàrá náà kò tóbi, Oyèládé sì ní yóò tutù gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.