Ẹ́ńjìnnì Tútù Lórí Ìlà Àyẹ̀wò

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo nírètí pé ara rẹ le, àti pé ikọ́ tí èéfín ọkọ̀ kó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ ti rọlẹ̀. Àwa náà wà. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ palẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà tó ti dákẹ́ níwájú rẹ ní ibùdó àyẹ̀wò èéfín tí o ti ń ṣiṣẹ́, ohun kan náà ni bàbá rẹ ń sọ fún gbogbo àdúgbò: "Ọmọ tí mo bí ló fi àyẹ̀wò pa ọkọ̀ mi. Ó ní kí n máa fẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè sáré, títí ẹ́ńjìnnì fi daṣẹ́ sílẹ̀." Ìwọ náà gbọ́, o sì ṣíwọ́ wíwá sílé. Mi ò dá ọ lẹ́bi.

Mẹkáníìkì kó àwọn irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lórí wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n ti fẹ́lẹ́ bí èékánná. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì dára, àyẹ̀wò ráńpẹ́ kò lè jẹ irin tó báyìí. Ọ́ìlì tó ti gbó, tí a ò pààrọ̀, ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ tipẹ́. Ó wá yíjú sí bàbá rẹ: "Bàbá, ṣé ó gbóná lọ́jọ́ náà ṣá?"

Bàbá rẹ kàn mú àkísà, wọ́n ń nu dígí ọkọ̀. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà mọ ìdí rẹ̀. Ìlà gùn, wọ́n sì pa ọkọ̀ kí dísẹ́ẹ̀lì má baà jó dànù. Kó tó kàn wá, ó ti tutù. O bi wọ́n bóyá ó gbóná. Wọ́n ní, "Ó gbóná ju ẹnu rẹ lọ." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọ́ìlì tútù kò tètè rìn, ẹsẹ̀ bàbá rẹ sì ti tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí a dá sí lórí ìlà kò lè kún ìgò omi kan. Ẹ́ńjìnnì àlòkù tí a fi rọ́pò gbé owó tí a kó jọ fún òrùlé wa lọ. Ó dùn mí, àmọ́ kò dùn mí tó àga rẹ tó ṣófo.

O mọ bàbá rẹ. "Mo ṣì í ṣe" kì í jáde lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n lánàá, onítáyà iwájú ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ ní, "Fi ọmọ mi sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe." Wọ́n sì wọlé, wọn ò parí oúnjẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní àlàáfíà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn. Wàá gbó, wàá tọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣọ́wó ná.

Mo gbàgbé: ọkọ̀ náà ń bọ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́bọ̀. Ibùdó kan wà nítòsí wa tó dínwó, àmọ́ bàbá rẹ ní ọ̀dọ̀ rẹ ni. Bó o bá rí ọkọ̀ kan tó ń kùn lórí ìlà tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí ó fi kàn án, bàbá rẹ ni. Mo ti fara mọ́ dísẹ́ẹ̀lì tó máa jó.