Fìlà Olóyè Kàǹkà

Mọ́ńdè, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Wọ́n ti pín ipa inú ópẹ́rà tuntun. Èmi ni Olóyè Kàǹkà. Èmi! Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá nínú ìwé tí Ọmọ Tíṣà lẹ̀ mọ́ ògiri. Motọ́láyọ̀ ló ń jẹ́, òun ló kọ orin náà, òun ló sì ń darí wa. Tíṣà ni bàbá ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan o.

Dickson náà fẹ́ ipa yìí. Dickson tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road, tó ń ka nóòtì orin bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Kò rí i gbà. Àárín àwọn elégbè ni wọ́n fi í sí. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́ta, tó jẹ́ sólfà nìkan ni mo mọ̀, tí mo sì ń kó gbogbo orin sórí — èmi ni wọ́n mú. Ohùn tí mo fi ń darí kíréènì ní wọ́ọ̀fù láì lo rédíò, òun náà nìyẹn. Kò sí bẹ́ẹ̀sì tó tó mi láti Apapa títí dé Amukoko. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jáde.

Mo ti ṣe ọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣe wòlíì lẹ́ẹ̀kan. Olóyè ló kù. Ó yẹ mí.

Wẹ́sìdé, 5 Nòfẹ́ńbà

Àṣé òmùgọ̀ ni Olóyè Kàǹkà.

Sátidé, 8 Nòfẹ́ńbà

Ìdánrawò àkọ́kọ́, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ṣófo ní Creek Road. Ọmọ Tíṣà sọ ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kàǹkà jẹ́ arúgbó onílé tó rò pé gbogbo obìnrin ayé ló ń kú lọ nítorí òun. Ó fẹ́ fi agídí fẹ́ ọmọ ayálégbé ẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà na ọwọ́, ó gbá fìlà orí ẹ̀ dànù níwájú gbogbo èèyàn. Kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Fìlà. Lórí èmi.

Mo ní, Motọ́láyọ̀, ọmọ mi, yọ ìyẹn kúrò. Ó kúnlẹ̀ o, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò yọ ọ́. Ó ní, “Ẹ má bínú sà. Ibẹ̀ ni gbogbo eré yẹn ń lọ. Tí fìlà ò bá já bọ́, a ò ní eré.” Dickson wúkọ́ lẹ́yìn. Ó ní fìlà mẹ́jọ wà nílé òun, kí wọ́n wá gbá gbogbo ẹ̀.

Mo ní màá rò ó.

Ta ló máa gbá a? Ebinimi! Ọmọ ogún ọdún, ọmọ Preye aránṣọ tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ní Ajegunle. Láti ìgbà tó ti ń rákò ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ohùn ẹ̀ dára, mi ò ní purọ́, ó mọ́ bí omi inú gíláàsì. Ṣùgbọ́n ọmọ ayálégbé mi ni!

Sọ́ńdè, 9 Nòfẹ́ńbà

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

1979 ni mo dé wọ́ọ̀fù. Ọmọ ọdún méjìlélógún, irun mi sì ti ń tán lọ. Orí mi ṣe ṣóńṣó lókè — bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìsìmáílà tí a jọ ń ru àpò ló sọ mí ní Àgbọn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọ́ọ̀fù ti gbà á. Àgbọn, gbé e! Àgbọn, wá jẹun! Kódà òyìnbó inú ọkọ̀ Gíríìkì kan ń pè mí ní Àgbọn, ó sì ń pè é dáadáa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà l'Ékòó kì í ṣe bàtà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Fìlà ni. Láti ìgbà yẹn, Safurat ìyàwó mi àti dókítà kan ṣoṣo ló mọ bí orí mi ṣe rí. Mo kọ́ ilé mẹ́ta. Mo di alága àwọn onílé. Kò sẹ́ni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo lè fi ipa náà sílẹ̀. Dickson á gbà á, á sì máa yan kiri Wharf Road.

Rárá.

Túsìdé, 11 Nòfẹ́ńbà

Mo ti fi gbogbo àná ṣe àwàdà níwájú dígí. Mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo yí ojú po. Mo rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí ìdánrawò lónìí. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ejiroghene tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣé ìbàdí ló ń dun bàbá ni.

Ọmọ Tíṣà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má wá ẹ̀rín kiri. Kàǹkà ò mọ̀ pé nǹkan kan ń pani lẹ́rìn-ín lára òun. Lójú tiẹ̀, ọba lòun. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń kọrin ọba.”

Ìyẹn yé mi. Mo gbé àyà síwájú, mo kọ ọ́ bí ọba, mo ń sọ fún ọmọbìnrin náà pé ojú mi nìkan tó owó orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọwọ́ Ejiroghene kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Tírélà kan ń fọn fèrè níta. Mo fi ohùn bò ó mọ́lẹ̀.

Mo délé, mo bi Safurat pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé bí mo ṣe máa ń ṣe ni mo ṣe? Ó gbé abọ́ síwájú mi. Ó ní, “Alága, ẹ jẹun.”

Fúráìdé, 14 Nòfẹ́ńbà

Àdéhùn: tí a bá ń dánra wò, Ebinimi á kàn ju ọwọ́ lójú òfuurufú. Ó di ọjọ́ eré kó tó gbá fìlà gan-an. Wọ́n lọ ra fìlà kan ní Amukoko, ó fẹ́lẹ́ bí bébà. Mo ní olóyè wo ló ń dé irú èyí? Fìlà ẹtù mi ni màá dé.

Sátidé, 15 Nòfẹ́ńbà

Mo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo pàdé Ebinimi lórí àtẹ̀gùn, ó ń pọn omi. Mo ní lọ́jọ́ yẹn, kó ju ọwọ́ bó ṣe ń jù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan fìlà mi. Ó ní, “Ah, Daddy Landlord! Auntie Motọ́láyọ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ìyá rẹ fẹ́ràn yàrá yẹn, àbí?”

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi dànù díẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó ní, “Yes sir.”

Ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

Wẹ́sìdé, 19 Nòfẹ́ńbà

Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni Preye ti máa ń pariwo kí mi láàárọ̀ pé, “Landlord my landlord, how body?” Lónìí, ó ní, “Good morning, sir.” Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ ò dùn lẹ́nu mi. Ṣúgà ni kò tó.

Sátidé, 22 Nòfẹ́ńbà

Ọmọ Tíṣà ní olùkọ́ kan láti yunifásítì ń bọ̀ wá wo eré wa lọ́la nítorí Ebinimi. Tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á mú un síbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin. Ọmọ náà ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ pè é. Dickson wà nítòsí. Mi ò pè é.

Sọ́ńdè, 23 Nòfẹ́ńbà

Màá kọ ọ́ kí n tó sùn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn tó wà ní Apapa kún. Àwọn onílé ẹgbẹ́ mi, àwọn ayálégbé mi, Preye. Mo wo ìlà kẹta — Safurat. Ta ló jókòó tì í? Ìsìmáílà! Obìnrin yẹn ló lọ pè é.

Mo kọrin bí ọba. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí omi tó ya. Mo ń gbádùn ẹ̀, kí n má purọ́.

Ó wá kan ibẹ̀. Ebinimi gbé ohùn lọ sókè, ó gbé ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lókè. Ọmọ náà bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, bó ṣe máa ń kí mi lórí àtẹ̀gùn!

Kíbọ́ọ̀dù dúró. Olùkọ́ yunifásítì gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.

Mo rí ojú Ebinimi. Ẹ̀rù ni. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo tẹ orí ba bí ọmọdé níwájú onígbàjámọ̀. Mo fi dòò ìsàlẹ̀ pátápátá kọ ọ́, kò sí nínú ìwé: “Kí lò ń dúró dè? Ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Mo rọra sọ fún un pé, “Yàrá yín ni yàrá yín. Má bínú, ọmọ mi. Gbá a.”

Ó dìde. Ó gbá a. Há! Ọmọ yẹn lágbára. Fìlà ẹtù fò, ó lọ bo Dickson lójú láàárín àwọn elégbè.

Iná mọ́lẹ̀ sórí mi kedere. Ìsìmáílà bá dìde fùú. “Yéè! Àgbọn! Àgbọn mi nìyẹn!”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ wó gbọ̀ngàn.

Mo gbé orí náà sókè, mo gbé e bí adé. Mo na ìka sí Ìsìmáílà, mo kọ ọ́ lórin: “Ta ló pè mí?” Ebinimi gbà á lókè, ohùn ẹ̀ kò wálẹ̀ títí eré fi parí. Olùkọ́ ń nu ojú. Safurat ti yí sórí àga, ó ń lu itan ara ẹ̀. Ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́ńdè, 24 Nòfẹ́ńbà

Olùkọ́ ní kí Ebinimi wá ní Jánúárì. Ó wá sọ fún mi fúnra ẹ̀. Ó ní Sátidé tí a tún máa ṣeré, báwo lòun ṣe máa gbá a? Mo ní kó fi agbára kún un.

Dickson dá fìlà padà. Ó ti ká a dáadáa. Ó ní, “Oyèkànmí, you try. Me, I no fit.” Mo jẹ́ kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, Preye yọ orí láti ẹnu ọ̀nà: “Landlord my landlord, how head?”

Mítìn onílé wà ní aago méjì. Safurat ní ṣé màá ṣì dé fìlà lọ.

Mo dé e. Ṣùgbọ́n mo tì í sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n lè rí orí náà.