Igbó Tí Kò Sí ní Killeenbrack

Ìyá Eithne mi,

Ara mi le koko. Ọ̀dùnkún ń bẹ, wàrà ń bẹ, òjò nìkan ló ń bá wa jà. Má dààmú nítorí mi.

Àmọ́ àwọn ará Killeenbrack yìí ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ìtumọ̀ orúkọ páríìṣì wọn péré ni mo bi wọ́n, kí àwọn ṣọ́jà ọba tí mo ń ṣe akọ̀wé fún lè kọ ọ́ sórí máàpù. Tadhg alágbẹ̀dẹ ní igbó ni. Igbó wo? Kò sí kùkùté igi kan níbí! Ìyàwó rẹ̀ ní igbó, àlùfáà náà ní igbó, àfi bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ lórin. Gobnait arúgbó tilẹ̀ bú mi: "Owó ilẹ̀ lẹ tún fẹ́ bù kún, tí ẹ fi ń tú orúkọ wa wò?"

Lánàá, mo yọ́ gba ẹ̀yìn ilé Gobnait dé pápá kan tí wọn kì í jẹ́ kí àgùntàn wọ̀. Òkúta funfun kéékèèké ló kún inú koríko. Ìwọ náà mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀: ti àwọn ọmọ tó kú kí omi ìrìbọmi tó kàn wọ́n, tí ìjọ kì í jẹ́ kí a sin sí itẹ́ òkú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀: 'killeen' lẹ́nu wa lè jẹ́ igbó kékeré, ó sì lè jẹ́ ibi tí a ń sin irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí.

Bí mo ṣe yíjú padà, Tadhg ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá náà tòun ti òòlù.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ti rí igbó náà?"

Mo ní, "Mo ti rí i. Igbó ńlá ni."

Ohun tí mo kọ fún àwọn ṣọ́jà náà nìyẹn.

Bá mi kí ìyá mi, kí o kí Eithne. Tí o bá gba ẹ̀gbẹ́ òkè wa kọjá, bá mi kí ọmọ wa tí a kò sọ lórúkọ.

Diarmuid rẹ