Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Wọn Góòlù

Ọ̀wọ̀, Sátidé, 6 Oṣù Kẹwàá, 1956

Ojú ṣì ń tì mí.

Lọ́dọọdún ni àwa alátìlẹ́yìn kílọ́ọ̀bù máa ń ri òpó góòlù tuntun, torí ikán kì í jẹ́ kí ti èṣí ṣẹ́kù. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n wọn ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé òfin ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún. Ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, bàtà mi sì jẹ́ tuntun, ni mo bá bọ́ ọ, mo fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe wí ni Bàbá Rájì kápẹ́ńtà ṣe gé igi ìdábùú.

Lónìí, rẹfirí fa téèpù yọ níwájú àwọn àlejò wa láti Okeluse. Góòlù há! Ẹsẹ̀ mi ò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, mo ti nàka: “Bàbá Rájì ló gé e kúrú.”

Bàbá kàn wo ẹsẹ̀ mi.

Ṣé ẹnu mi ò lè sọ pé èmi ni...

Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, ó fi rúlà onígi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. “Akọ̀wé, mú un dání lọ́dún tó ń bọ̀. O ò ní í bọ́ bàtà mọ́.”

Ó ti rí mi lọ́jọ́ náà. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Bàtà ọ̀hún ló ń dán lábẹ́ tábìlì yìí. Ẹrẹ̀ kankan ò kàn án.