Ọmọ Tó Wà Lẹ́yìn Sùnkànmí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìhín. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Ìyá Àgbà bí etí wọn bá ṣì ń gbọ́ràn, mo kí Bùsọ́lá àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Mo kí àwọn ará ìta pẹ̀lú, tí wọn yóò ka lẹ́tà yìí kó tó dé ọwọ́ yín, nítorí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ìta ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìta ni màá ti fèsì.

Irọ́ ni, Màámi. Sùnkànmí àbúrò mi kò fẹ́ ìyàwó kankan lẹ́yìn yín. Kò bímọ. Ọmọkùnrin ará ìlú kejì tó pe ilé láti Ítálì, tó ní òun rí orúkọ Sùnkànmí lára sàréè pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀, kò purọ́ ohun tó rí. Ohun tó rí ni kò yé e. Ṣùgbọ́n kí oṣù yẹn tó parí, àwọn èèyàn wa ti sọ ọ́ di pé obìnrin kan ló gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín, pé tìtorí rẹ̀ ni Sùnkànmí kò fi pe ilé, pé owó yín ló fi ń tọ́ ọmọ lókè òkun. Bàbá Kékeré sọ fún mi lórí fóònù pé kí n lọ gbé òkú ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ àjèjì, kí n fi obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi. Ẹ̀yin náà gba fóònù, ẹ kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, pé kí n gbé ọmọ yín wálé. Mo ní mo gbọ́. Mo sì lọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà, torí mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn ni mo ṣì wà ní Dálásì, à ń kó páálí sínú ọkọ̀ ńlá. Oòrùn ìhín kò jọ tiwa. Tiwa ní atẹ́gùn díẹ̀ nínú, tibí dà bí ìgbà tí èèyàn bá dúró sẹ́nu ààrò. Yàrá kan ni mo gbà ní Duncanville, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dálásì. Èmi àti ẹni tó wà ní yàrá kejì máa ń kí ara wa ní àárọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ Yorùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wọn a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Nígbà tí mo sọ fún Bọ̀dé, tí a jọ ń gbé páálí, pé mò ń lọ gbé òkú àbúrò mi, ó bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní ẹ̀gbọ́n kì í lọ síbi òkú àbúrò, pé ohun tí gbogbo èèyàn ń sá fún ni èmi ń wọ bàtà lọ bá, pé orí màlúù ló wà lọ́rùn mi. Mo ní kó gbé páálí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, òun ló fi ọkọ̀ gbé mi dé pápákọ̀ òfuurufú, kò sì gba owó epo lọ́wọ́ mi. Owó tí mò ń tọ́jú láti fi wálé ní Kérésì ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, Màámi, ẹ má retí mi ní Kérésì.

Sirakúsà ni wọ́n ń pe ìlú náà. Erékùṣù Sísílì ní Ítálì ló wà, lójú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ àwọn Òyìnbó. Ìlú àtijọ́ ni. Apá tó lọ́jọ́ lórí jù níbẹ̀ wà lórí ilẹ̀ kékeré kan tí omi yí ká, orí afárá ni èèyàn ń gbà wọ̀ ọ́. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, iyọ̀ òkun sì ti jẹ ara wọn bí ìgbà tí eku bá jẹ iṣu. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà láàárín ìlú tó ti jẹ́ ilé òrìṣà kó tó di ti Jésù. Wọn kò wó àwọn òpó òrìṣà náà, wọ́n kàn mọ ògiri dí àárín wọn ni, a ṣì ń rí wọn. Létí èbúté gan-an, omi tí kò ní iyọ̀ ń sun jáde nínú ilẹ̀, koríko gíga hù sínú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn àlejò dúró síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń lá áísìkiriìmù. Mo dúró láàárín wọn, mò ń wo òkun tó wà lẹ́yìn wọn. Ó mọ́ kedere, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Inú bí mi sí i.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó itẹ́ òkú, wọn kò da ọ̀rọ̀ mi nù. Wọ́n ní bí èmi ẹ̀gbọ́n bá ti lè fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò ṣí sàréè náà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ìyá tó wà láàyè, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan tirẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ gbà. Inú pósí kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Wọn yóò ní láti ṣí i, kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Mo ní ìyẹn kò kàn mí. Mo ní kí wọ́n sọ ibi tí mo ti lè rí obìnrin náà fún mi, torí mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i lójú. Mo ti kó èébú jọ láti Dálásì.

Ọjà ẹja ni mo ti bá a, ó ń họ ìpẹ́. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ojú kan náà ni èmi àti Sùnkànmí ní. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ẹja, ó sì kí mi ní Yorùbá. Ará Sakété ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àánú ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Inú aṣálẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí, kí wọ́n tó dé òkun rárá. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pe àbúrò mi ní bàbá ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Orí ìdúró ni mo ti gbọ́ ọ.

Ó ní nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó wọn sọdá òkun, òòyì kọ́ òun títí apá òun kò fi lè gbé ọmọ mọ́. Ọmọkùnrin kan tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí na ọwọ́, ó ní kó mú ọmọ wá, kó mú ìró rẹ̀ wá pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin tó kù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ló bímọ. Kò dá wọn lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n sókè díẹ̀, ó fi ìró gbá a mọ́ra, ó ta á ní kókó méjì láyà, ó wá fi etí ìró bọ abẹ́ kókó náà.

Màámi, ta ló tún ń ta kókó méjì? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, nígbà tí ẹ ń lọ kórè kòkó, tí ẹ ń fi Bùsọ́lá sílẹ̀ fún un, tí ẹ̀rù sì ń bà yín pé ọmọkùnrin kò mọ ọmọ pọ̀n. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Bùsọ́lá. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, igi kan ni obìnrin náà rí dì mú. Àwọn apẹja ló fa Sùnkànmí jáde, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò rí kókó náà tú, ọwọ́ wọn kò sì gbé e láti fi ọ̀bẹ gé e. Àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú fẹ́ kó ọmọdé lọ síbòmíì, kí wọ́n sin àgbà sí tiwọn. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà sọ pé bàbá rẹ̀ ni, ó sì fún wọn ní orúkọ tí Sùnkànmí sọ fún un nínú ọkọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun nìkan sùn sínú ilẹ̀ àjèjì. Gbogbo ìyàwó tí Sùnkànmí fẹ́ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tó bí nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ẹ ní kí n gbé ọmọ yín wálé. Ó ní òun kò lè ní kí ìyá má gba ọmọ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì bi mí:

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbé e lọ, ta ni yóò máa pọn ọmọ mi?"

Èébú tí mo kó wá, mi ò rí ọ̀kan lò.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ síbi sàréè. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n débẹ̀, mo débẹ̀. Mo rò pé èmi àti obìnrin náà nìkan la ó wà. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé; mo bá àwọn obìnrin ọjà ẹja níbẹ̀, àwọn ọmọ Gáḿbíà àti ti Gánà tí wọ́n ń já tòmátì lóko, àlùfáà kan tó wọ sílípáàsì, àti apẹja arúgbó kan tó ṣí fìlà, ọ̀kan lára àwọn tó fa Sùnkànmí jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, kí n lè sọ iye wọn fún yín, kí ẹ lè súre fún olúkúlùkù. Àwọn mìíràn tún ń wọlé. Mo jáwọ́ nínú kíkà. Ìlú náà ni kí ẹ kúkú súre fún. Arúgbó yẹn ní kí wọ́n bi mí bóyá atukọ̀ ni àbúrò mi, torí òun kò rí ẹni tí kì í ṣe ọmọ odò tó lè ta irú kókó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ìyá Àánú sọ fún un pé odò tí àbúrò mi mọ̀ jù ni èyí tí a ti ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé wa, àti pé ìyá mi ló kọ́ ọ.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà, Màámi. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín, màá gbà á. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré pé kí wọ́n dí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi, kí òjò tó kún un. Bí obìnrin kan láti Sakété bá sì wá kí yín lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ìyàwó ilé wa, kì í sì í ṣe àjèjì. Ẹ fún un ní oúnjẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín lọ́nà oko pé kí ló dé tí Sùnkànmí kò wálé, ẹ má torí ẹ̀ tijú. Ẹ sọ fún un pé ó pọn ọmọ ọlọ́mọ, ìyá ọmọ kò tíì ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún àwa tó kù. Oko kò ní gbóná mọ́ yín, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yóò fúyẹ́. Ẹ bá mi kí Bùsọ́lá, ẹ ní kó ka ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó sọ òótọ́ nípa wa àtẹni tó purọ́ mọ́ wa.

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í gbọ́ràn,
Délé, ní Dálásì.