Má Gbé Lílì Wá sí Tẹ́ḿpìlì Yìí Mọ́

Ilé Ìdáná, Tẹ́ḿpìlì Inú Igbó Máńgòrò,
Ẹ̀bá ìlú Lampang.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta.

Táwín, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí Chaliao ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn obìnrin tó ń bá yín sín òdòdó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kí ara gbogbo yín le. Tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dùn mí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ló mú mi mú bírò. Inú ló ń bí mi. Ìwọ ni mo ń bínú sí, mo sì tún ń bínú sí ara mi. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí o tó sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ó di ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé fóònù. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, o kò ní lè pa á mọ́ mi lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Yọ́t awakọ̀ rẹ ni yóò fà á lé ọ lọ́wọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí báyìí, ó ń fi ẹja sísun jẹ ìrẹsì mi, ọkọ̀ rẹ sì wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú gbogbo òdòdó lílì tó kó wá láàárọ̀ yìí. Mo ti ní kó kó o padà. Ó ní ọ̀gá òun á bínú, mo ní kó jẹun kó yó kí ọ̀gá rẹ̀ tó bínú.

O mọ̀ pé òní ló pé ọjọ́ kẹwàá tí Bàbá Ọlọ́wọ̀, olórí tẹ́ḿpìlì wa, ti papò dà. O sì mọ̀ pé òkú àlùfáà àgbà kì í tètè wọ iná, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni pósí rẹ̀ máa lò nínú gbọ̀ngán kí a tó sun ún. Ohun tí o kò fẹ́ gbọ́ ni pé abẹ́ pósí yẹn ni Makhám ń sùn. Makhám ni ológbò Bàbá, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àjàgbọn tó pọ́n. Láti ọdún mẹ́ta tí ojú Bàbá ti ṣú, ẹsẹ̀ Bàbá ni ẹran yìí ń sùn sí, bí Bàbá kò bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Bàbá lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Búnrúán, Makhám nìkan ló kù o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mo gbọ́, Bàbá, mo máa tọ́jú rẹ̀.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ológbò mẹ́ta ni Bàbá ní tẹ́lẹ̀. Thua ló kọ́kọ́ lọ, nígbà òjò èṣí, nígbà ìsìnkú olówó tó ni ilé ẹ̀rọ ìrẹsì. Ọjọ́ márùn-ún ni lílì rẹ fi kún gbọ̀ngán. Ní ọjọ́ kẹrin, Thua bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó dojú dé abọ́ omi, kò tọ̀ mọ́, ó sì kú. Ṣé o mọ ohun tí àwọn ará ibí sọ? Wọ́n ní bàbá olówó ló mú un dání, pé eku pọ̀ nínú ilé ẹ̀rọ ìrẹsì ọ̀run. A fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi àgbàyà.

Nun ló tẹ̀ lé e, ológbò funfun bí òwú àràbà, ní oṣù kìíní ọdún yìí. Ìsìnkú ìyàwó olùkọ́ àgbà nìyẹn. Lílì kan náà, èébì kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní mo gbọ́n, mo ní májèlé lèyí, májèlé sì ní ẹ̀rọ̀. Táwín, abúlé mẹ́ta ló ń wá gba ewé lọ́wọ́ mi: koríko ọba fún inú tó kún, ata ilẹ̀ fún òtútù, ewé kíkorò ti ẹ̀yìnkùlé fún ibà. O sì mọ ewé ẹ̀rọ̀ májèlé wa, èyí tó fà bo ọgbà ẹ̀yìn. Òun ni bàbá wa máa ń mu tó bá ti oko áyù dé lẹ́yìn tó fọ́n oògùn kòkòrò. Òun náà ni ìwọ fúnra rẹ máa ń wá bẹ̀bẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún omi tí a fi ń wọ ọdún tuntun, tí ọtí bá ti fọ́ ọ lórí. Mo sè é dáadáa. Mo ń kán an sí Nun lẹ́nu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tí èébì dáwọ́ dúró, mo lọ bá Bàbá, mo ń fọ́nnu pé ewé mi ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta Nun kò lè gbé orí mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lampang, sọ́dọ̀ Dókítà Orathai, ọmọbìnrin tó ń wo ẹran lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó fọwọ́ kan ikùn ẹran náà, ó fi ìka nu etí rẹ̀, ìyẹ̀fun rúsúrúsú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó ní, "Màmá, ṣé lílì wà níbi tí ẹ ń gbé?" Mo ní ó wà, ti òkú ni. Ó ní lílì ò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ajá lè jẹ ẹ́ kí inú run ún kó sì lọ, ṣùgbọ́n ti ológbò yàtọ̀. Ó ní kó ṣáà fara kan ìyẹ̀fun àárín òdòdó yẹn kó sì lá ara rẹ̀, tàbí kó mu omi inú ìkòkò òdòdó, kíndìnrín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ní èébì máa ń dáwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ láti tan ènìyàn jẹ. Mo wá bi í léèrè ewé mi. Ọmọ náà kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ewé yín ò ṣe é ní nǹkan, Màmá. Ọjọ́ méjì yẹn ló ṣe é. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti fa omi sí i lára."

Èmi rèé tí mo ń pariwo lé ọ lórí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bàbá pé lílì ló pa Nun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni, mo yọ ìkòkò àgbo mi kúrò nínú rẹ̀. Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́, Búnrúán, o ṣe gbogbo ohun tí o lè ṣe." Pẹ̀lú èrò yẹn ló lọ. Mi ò sọ ọ́ fún un, mi ò sì sọ ọ́ fún ìwọ náà nígbà tí mo pè ọ́, gbogbo ẹrù ọ̀ràn náà ni mo dì rù ọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló yẹ kó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi jìn sí kòtò, mo sì panu mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Táwín, ọ̀rọ̀ rẹ sú mi. Ṣé o rántí èsì tí o fọ̀ fún mi? O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òdòdó tí a fi ọkàn mímọ́ fún òkú ò lè pa nǹkan kan." O tún ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń fi ewé wo gbogbo ayé, ẹ fewé wo ológbò náà." Èyí kejì yẹn wọ̀ mí lára, o ò sì mọ ibi tó bá. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ bi ọ́. Bọmubọmu tí ẹ máa ń sín mọ́ òdòdó ìgbéyàwó, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní òdòdó ìfẹ́, ṣé kì í ṣe oje rẹ̀ ló ta sí Chaliao lójú? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ fi di ojú kan. Ìwọ lò ń bu omi sí i, ìwọ lò ń sunkún ní ọ́fíìsì dókítà. Ṣé ọkàn Chaliao ni kò mọ́ ni, àbí ti ìyàwó tó fẹ́ lo òdòdó náà?

Lọ́jọ́ tí Bàbá kú gan-an, mo pè ọ́ kí n tó pe àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Mo ní Táwín, mo bẹ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ sí lílì. O ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Ọjọ́ kejì ni Yọ́t já ogójì ìkòkò lílì kalẹ̀ níwájú mi. Mo bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, òun tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìsìnkú, ó ní òun ló ní kí o kó o wá. Ó ní, "Ṣé òdòdó inú adágún la fẹ́ fi sin ẹni ńlá, bí ẹni tí kò lénìyàn?" Mo ti Makhám mọ́ ilé ìdáná, ó ya nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó padà sábẹ́ pósí. Mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní abúlé kẹrin, ó fi ọjọ́ mẹ́ta rìn padà, èékánná rẹ̀ kan ti bọ́. Mo wá mú ìgbálẹ̀, mo dúró ṣọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Búnrúán, ọlọ́pàá ológbò." Ènìyàn ò sì lè ṣọ́ ológbò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ìjẹta, mo lọ gbé oúnjẹ fún àwọn àlùfáà. Nígbà tí mo padà dé gbọ̀ngán, Makhám ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ pósí, ìyẹ̀fun rúsúrúsú wà nímú rẹ̀, ewé lílì kan sì wà nílẹ̀ tí eyín ti wọ̀. Mo fi aṣọ ìborùn mi wé e. Ìkòkò àgbo mi wà lórí iná bí mo ṣe ń kọjá, mi ò wo ibẹ̀. Kò tíì bì rárá nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Orathai. Ó fá irun ọwọ́ rẹ̀, ó fa omi sí i lára, ó ní a máa dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ń tọ̀, kíndìnrín rẹ̀ wà láàyè nìyẹn. Bí ìtọ̀ bá dá, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Láti ìjẹta, ìtọ̀ kò jáde dáadáa, ẹ̀kán díẹ̀ ni. Òní ni ọjọ́ kẹta.

Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta, wọ́n ti pé jọ fún àdúrà. Mo wọlé pẹ̀lú irun ológbò lára aṣọ funfun mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa lílì tu nínú ìkòkò níkọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ ní, "Ìyá Búnrúán, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Mo kọjú sí gbogbo wọn, mo sì sọ ọ́. Mo ní òkú kankan kò mú ológbò lọ. Mo ní lílì pa Thua, lílì àti ewé èmi Búnrúán ló pa Nun, mo sì purọ́ fún Bàbá tó wà nínú pósí yìí. Mo ní kí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba ewé lọ́wọ́ mi gbọ́ o: bí ẹran tàbí ọmọ bá jẹ májèlé, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ìyá àgbà méjì dìde, wọ́n bá mi kó ìyókù jáde, a sì ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Láàárọ̀ àná wọ́n já òṣíbàtà wá láti inú adágún. Baálẹ̀ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, jẹ́ kó máa bínú.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ti lọ, ó ku àádọ́rùn-ún. Òṣíbàtà ni kí o máa kó wá, tàbí jásímì. Bí Baálẹ̀ bá pè ọ́, sọ fún un pé lílì ti tán ní gbogbo Lampang. Mo mọ̀ pé o mọ irọ́ pa, èyí tí o pa fún mi dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà á gbọ́. Tí o bá sì ń ta lílì fún ẹlòmíràn, bi wọ́n bóyá ológbò wà nílé. Ìbéèrè kan péré ni.

Kí iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ gbè ọ́. Kí ojú Chaliao máa ríran kedere. Kí òdòdó tí o bá tà máa mú ayọ̀ wọ ilé tó bá dé, kó má ṣe mú ikú wọ ibẹ̀. Mo bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni àbúrò tí mo ní.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Búnrúán.

Àfikún: Mo ti pa ìwé yìí dé kí n tó tún ṣí i. Orathai ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Ó ní òun gbé Makhám sí itan láti pààrọ̀ omi rẹ̀, ó sì tọ̀ sí òun lára, ó tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó rin síkẹ́ẹ̀tì òun títí dé bàtà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná, mo ń sunkún. Yọ́t sáré wá, ó bi mí pé ta ló tún kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ológbò ló tọ̀.