Ohun Tó Ṣẹ́kù Lára Yín ní Yaba

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Irọ́ kan ni mo pa fún yín kí ẹ tó lọ, òun ni kò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí dókítà gé díẹ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú yín, ẹ bi mí pé ibo ni wọ́n gbé e sí. Mo ní wọ́n ti dà á nù. Wọn kò dà á nù, Màámi. Ọwọ́ mi ló wà. Ó wà nínú bébà tí ẹ fọwọ́ sí pé a lè fi ṣèwádìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà tán kí ẹ tó jẹ àkàrà náà, ẹ kò ka ìyẹn, torí pé èmi ni mo gbé e wá.

Ó ṣì wà láàyè; inú ìgò pẹlẹbẹ ni mo ń sìn ín sí ní lábù ìwádìí wa ní Yaba, nínú àpótí kan tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Ọjọ́ méjì méjì ni mo ń pààrọ̀ omi tó ń jẹ. Bí mo bá ṣí àpótí náà, ooru rẹ̀ máa ń fẹ́ sí mi lójú bí ooru ẹ̀yìn yín nígbà tí ẹ ń pọ̀n mí. Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí i. Síbẹ̀, mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Kí a tó sin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá níbí l'Ékòó, Bọ̀dá ẹ̀gbọ́n mi ti gé irun àti èékánná yín, wọ́n wá lọ sin ín sí agbo ilé yín ní Ìjẹ̀bú, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí kò lè padà sílé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n mu omi, wọ́n ní, “Ó tán. Màámi ti délé. Kò ku nǹkan kan l'Ékòó mọ́.” Mo ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bọ́ yín ní Yaba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fi ṣe. Ẹ̀dá kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀ tútù lábẹ́ ewé jíjẹrà, ó kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ. Bí oúnjẹ bá tán, àwọn tó fọ́n ká nínú wọn á kó ara wọn jọ, wọ́n á gun ara wọn nàró bí igi kékeré. Wọ́n ń tú èròjà kan jáde, DIF ni à ń pè é. Òun ló ń mú kí àwọn kan nínú wọn di ìtí igi náà, kí wọ́n sì kú síbẹ̀, kí àwọn tó wà lókè lè tàn dé ibi tí oúnjẹ wà. Nígbà tí mo kà á, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ pé ẹ ti jẹun níta, tí ẹ ó wá máa fi ìka nu ìdí ìkòkò lẹ́yìn tí a bá yó.

Èròjà yìí máa ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró. Nínú ìgò nìkan ni o. Kò tíì di oògùn tí ẹnikẹ́ni lè lò, ẹ má rò pé mo fi dù yín. Mo kán an sí ìgò yín kan, n kò kán an sí èkejì. Lọ́jọ́ karùn-ún, èkejì ti kún dẹ́nu. Ti àkọ́kọ́ kò kú, ó kàn dúró, kò bí sí i mọ́. Mo sunkún. Kí ló dé tí kò dúró bẹ́ẹ̀ lára yín?

Ọ̀gá mi wá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, níbi tí á ti máa bí sí i lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti kú. Ó ní ẹbí lè kọ̀. Ni mo bá lọ bá Bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì wọn ní Muṣin, mo jẹ́wọ́ pé nǹkan yín kan ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ mi. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n fọ gíríìsì ọwọ́ wọn, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Mo gbé ìgò náà sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Bọ̀dá wò ó títí. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ táìsì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn. “Ẹ káàsán, Màámi. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ ṣì wà ńbí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún. Ohun tó pa yín ni. Ara yín ló ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló jẹ yín tí egungun èjìká yín fi yọ lábẹ́ aṣọ. N kò lè là á yé wọn.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹbí kọ̀, mo da omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i títí gbogbo rẹ̀ fi kú, mo wá dé e pa. Ní Sátidé, Bọ̀dá á gbé e lé itan dé Ìjẹ̀bú, kí a lè sin ín mọ́ irun yín. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á dà á sí gọ́tà. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin àti apààyàn yín ni ẹ ó jọ máa gbé. Ṣé ẹ ó lè fara dà á? Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ dárí jì mí. Kò sí ohun mìíràn tó kù lára yín tí mo lè gbé relé.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn mi.